Àsúmáù Ṣe Fìdáù fún Àbúrò Rẹ̀ Tó Wà Láàyè

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ojú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa èébú mọ́ sẹ́nu ná títí màá fi sọ̀rọ̀ débi tó yẹ kẹ́ ẹ bú u. A máa débẹ̀. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló jókòó síwájú mi tó ní kí n kọ ọ́, kí n má fá apá kan kí n dá apá kan sí.

Àsúmáù lorúkọ rẹ̀. Peckham ló ń gbé, lẹ́yìn Rye Lane, ọ́fíìsì kan ní Catford ló ti ń ṣiṣẹ́. Nínú ẹgbẹ́ àsàlátù àwọn obìnrin tó ń pàdé láàárọ̀ Sunday, kò sẹ́ni tó mọ wáàsí ṣe tó o. Tó bá ti gbé máìkì báyìí, àwọn ìyá àgbà á máa fi ìborùn nu ojú. Wọ́n ti ń múra láti fi í joyè Ìyá Àdínì.

Àbúrò kan ṣoṣo ló ní láyé, Tàjùdéèn. Kí ìyá wọn tó kú ní Ìsẹ́yìn, ó di ọwọ́ Àsúmáù mú, ó ní, "Àsúmáù, má jẹ̀ẹ́ kí àbúrò rẹ sùn síta." Àsúmáù mú un wá sí London, ó fún un ní yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn. Ọmọ náà rí iṣẹ́ awakọ̀, ó ń gbé ẹrù kiri fún àwọn tó ń ra nǹkan lórí fóònù.

Lọ́jọ́ kan ó ṣe shift ọ̀sán, ó tún fi ti òru lé e. Bó ṣe ń bọ̀ ní Camberwell Green láàárọ̀, oorun gbé e lọ lórí ìjókòó. Ó kọ lu obìnrin kan tó dúró de bọ́ọ̀sì. Obìnrin náà ò kú, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ò ní ṣe é rìn mọ́ títí ayé. Tàjùdéèn ò bá wọn jiyàn. Ó ní òun jẹ̀bi. Adájọ́ ní kó máa lọ sẹ́wọ̀n.

Àsúmáù wà ní kóòtù lọ́jọ́ náà. Ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó fa ìborùn wálẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń mú àbúrò rẹ̀ lọ, ọmọkùnrin náà bojú wẹ̀yìn, ó ń wá a. Àsúmáù tẹrí mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́.

"Ṣé ẹ ò rí i ni?" Mo bi í.

"Mo rí i," ló wí. "Ojú ló ń tì mí."

Nígbà tó délé, Rahmah ọmọ rẹ̀ ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ tí wọ́n bí síbí ni, ó ń lọ sí college.

"Mummy, ìgbà wo la máa lọ kí Uncle?"

"Kí ta ni? Gbọ́ mi dáadáa. Ẹnikẹ́ni tó bá bi ẹ́, Uncle ti lọ Nigeria."

"But that's a lie. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé lying is haram."

"Ṣé èmi lò ń bá wí? Gbẹ́nu ẹ dákẹ́ kí n tó fi ìbínú bá ẹ sọ̀rọ̀!"

Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, kékeré báyìí. Gbogbo irọ́ ló máa ń kéré nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

Obìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ Nàfísátù. Òun náà ti fojú sí oyè Ìyá Àdínì, wọn ò gbé e fún un. Òun àti Àsúmáù kì í jà, eyín ni wọ́n fi ń kí ara wọn. Lọ́jọ́ Sunday kan tí àsàlátù parí, tí àwọn obìnrin ń ká ẹní, Nàfísátù gbóhùn sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Àlàájà Àsúmáù, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Tàjùdéèn wa ńkọ́? A ò rí i mọ́."

"Ó ti lọ sílé."

"Nigeria? Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ yìí yà mí lẹ́nu o. Àbúrò ọkọ mi ní òun rí ẹnìkan tó jọ ọ́ ní kóòtù, wọ́n ń tì í wọnú ọkọ̀ ẹlẹ́wọ̀n. Mo dá a lóhùn pé ẹ gbẹ́nu yín dákẹ́! Ṣé àbúrò oníwàásí wa lẹ fẹ́ sọ di ẹlẹ́wọ̀n?"

Gbogbo ẹní dúró lọ́wọ́ wọn. Àsúmáù rò ó wò pé láwàní oyè náà ti wà nílé Ààfáà, wọ́n ti rà á. Ó ronú kan àwọn ará East Dulwich tí wọ́n ti pè síbi ìwúyè náà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, Ṣàítánì kì í wá pẹ̀lú ìwo lórí. Èsì tó yá ló máa ń gbé wá bá èèyàn.

"Nàfísátù," ni Àsúmáù wí, ó sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ já, "òkú lò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn. Tàjùdéèn ti kú. Wọ́n ti sin ín ní Ìsẹ́yìn. N ò fẹ́ dààmú ẹnikẹ́ni ni n ò ṣe sọ."

"Ìnnálílláì!" Nàfísátù já lulẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì. "Àlàájà, ẹ forí jì mí! Ẹnu mi ló burú. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́hun, ẹnu mi ló burú!"

Ẹ má rò pé ẹ̀rù ba Àsúmáù níbẹ̀. Ohun tó sọ fún mi rèé: "Ó dùn mọ́ mi. Kí n má parọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi dọ́ba. Obìnrin tó fẹ́ dójú tì mí ló wà lórí ìkúnlẹ̀ yẹn."

Àmọ́ ó ti gbàgbé irú èèyàn tí àwa jẹ́. Òkú kì í jẹ́ ti ẹnìkan láàárín wa. Kó tó ti Rye Lane délé, fóònù ti ń dún. Ẹni kan ní òun máa se ìrẹsì, ẹni kan ní mọ́ínmọ́ín ti òun ni, ẹni kan ti bá Ààfáà Nasrullah sọ̀rọ̀ pé fìdáù ọjọ́ kẹjọ gbọ́dọ̀ bọ́ sí Sunday. Àsúmáù ní kí wọ́n má ṣèyọnu, wọ́n ní ìgboyà ló ń ṣe. Ó ní òun máa dá ṣe é jẹ́jẹ́ nínú ilé, wọ́n ní èèwọ̀, ẹ̀gbọ́n kan kì í dá ṣọ̀fọ̀ àbúrò rẹ̀. Nàfísátù ló ra ewúrẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kóra jọ sí gbọ̀ngàn tí wọ́n gbé àwòrán Tàjùdéèn kọ́ ògiri, tó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ pẹ̀lú fìlà. Ààfáà Nasrullah ń tọrọ pé kí Ọlọ́hun fẹ sàréè rẹ̀, kó fi àlùjánnà ṣe ilé fún un. Wọ́n ń ṣe Àmín. Rahmah ti sá wọ ilé ìtọ̀, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí.

Ibẹ̀ ni fóònù Àsúmáù ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì lórí itan rẹ̀. Kò sí nọ́ńbà lójú rẹ̀. Àsúmáù mọ ẹni tí í ṣe, torí pé irú àkókò yẹn láàárọ̀ Sunday ni wọ́n máa ń jẹ́ kí àwọn ẹlẹ́wọ̀n lo fóònù.

Òkú ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi fìdáù ara rẹ̀.

Fóònù náà mì, ó dákẹ́, ó tún mì. Àsúmáù pa á, ó tì í sísàlẹ̀ báàgì, ó sì ṣe Àmín tirẹ̀ sókè ju ti ẹnikẹ́ni lọ.

Oṣù ń gorí oṣù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan obìnrin kan pè é láti ọ́fíìsì probation, àwọn tó ń mójú tó ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n bá tú sílẹ̀. Ó ní Tàjùdéèn hùwà dáadáa, wọ́n lè tú u sílẹ̀ ṣáájú àkókò, kí wọ́n de ẹ̀rọ tí wọ́n á fi máa ṣọ́ ọ mọ́ ọn lọ́rùn ẹsẹ̀ kó máa gbé nílé. Àdírẹ́ẹ̀sì nìkan ló kù. Ti Àsúmáù ló sì fún wọn.

"Ṣé ẹ lè gbà á sílé, madam?"

Yàrá wà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Àmọ́ báwo ni òkú ṣe máa jókòó sí yàrá ẹ̀yìn kí ará Peckham má rí i?

"N ò mọ ọ́n," ni Àsúmáù wí.

"Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni yín."

"Ó ṣì mí mú. Àbúrò kan ṣoṣo tí mo ní ti kú." Ó sì gé fóònù.

Bó ṣe yíjú padà, Rahmah ló rí. Ọmọ náà dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣínì.

"They wanted to let him out. Mummy! Wọ́n fẹ́ tú Uncle sílẹ̀, ẹ ní rárá!"

"O ò mọ nǹkan kan. Lọ sí yàrá ẹ."

"Yàrá Uncle ṣófo! Kúlà ìrẹsì fìdáù lẹ kó síbẹ̀! Grandma ní kó má sùn síta, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi with your own mouth!"

Àsúmáù gbá a létí. Láti ọjọ́ náà Rahmah ò pè é ní Mummy mọ́. Tó bá fẹ́ nǹkan, á kàn dúró síwájú rẹ̀.

Ẹ rántí Ààfáà Nasrullah. Ó gba iṣẹ́ tuntun lọ́dún náà, ó ń lọ kírun Jímọ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó jẹ́ Mùsùlùmí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó kan ilẹ̀kùn Àsúmáù. Ó jókòó, kò gba omi.

"Àlàájà, iṣẹ́ tí mò ń ṣe ò gbà kí n máa sọ ẹni tí mo rí níbẹ̀. N ò sì ní dárúkọ."

"Ẹ má dárúkọ nígbà yẹn."

"Mo kàn fẹ́ bi yín ni. Ní Ìsẹ́yìn lọ́jọ́ yẹn, ta ló wẹ òkú?"

Àsúmáù dìde. "Ààfáà, ṣé ẹ wá ká mi mọ́lé ni? Ṣé Nàfísátù ló rán yín?"

"Ọlọ́hun ò ní jẹ́ kí Nàfísátù rán mi." Ààfáà náà dìde, ó wọ bàtà rẹ̀. "Wáàsí lẹ máa kọ́kọ́ ṣe lọ́jọ́ oyè yín kí n tó wé láwàní fún yín. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá wa sọ̀rọ̀ lórí àánú sí ẹlẹ́wọ̀n."

Ó yé Àsúmáù yékéyéké. Ó lè bẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Ààfáà dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bíi pé ó ń retí rẹ̀.

"Ẹ rò pé ẹ̀rù á bà mí?" ni obìnrin náà wí. "Màá ṣe é. Màá ṣe é débi tẹ́ ẹ máa sunkún!"

"Kí Ọlọ́hun ṣe é ní ìrọ̀rùn," ni Ààfáà wí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ oyè pé. Gbọ̀ngàn kún dẹ́nu. Láwàní funfun wà lórí tábìlì, nínú ọ̀rá rẹ̀. Àsúmáù gbé máìkì, ó sì ṣe ohun tó ní òun máa ṣe.

Ó ṣàlàyé bí Al-Kùránì ṣe yin àwọn tó ń gbé oúnjẹ tí àwọn fúnra wọn fẹ́ràn fún tálákà, fún ọmọ òrukàn, àti fún ẹni tó wà nígbèkùn, láì retí ọpẹ́ lẹ́nu wọn. Ó sọ ti ogun Bádírì, bí àwọn ọmọlẹ́yìn Ànábì ṣe kó búrẹ́dì fún ẹni tí wọ́n mú lójú ogun, tí àwọn fúnra wọn ń jẹ dàbínù, torí búrẹ́dì ló dùn jù lọ́wọ́ wọn nígbà náà.

"Ọ̀tá wọn ni o!" ni ó kígbe. "Ọ̀tá tó gbé idà sí wọn! Ìwọ ńkọ́, ọmọ ìyá rẹ tó ṣẹ̀, kí lo fún un jẹ? Ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹlẹ́wọ̀n, ilẹ̀kùn àánú á tì mọ́ òun náà!"

Àwọn obìnrin ń sunkún. Nàfísátù pàápàá ń nu imú. Àsúmáù sọ fún mi pé bí òun ṣe ń sọ ọ́, òun gbà á gbọ́, gbogbo rẹ̀ pátá, bíi pé ẹlòmíì kan ni wọ́n ń bá wí.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Rahmah ló kọ́kọ́ wọlé. Tàjùdéèn ló tẹ̀ lé e, ó ti gbẹ, ó gbé ọ̀rá ńlá kan dání, ọ̀rá aláwọ̀ omi tí wọ́n máa ń kó ẹrù ẹlẹ́wọ̀n sí, tí gbogbo ayé ń rí ṣòkòtò àti ìfọyín rẹ̀ nínú rẹ̀. Àkókò rẹ̀ ti pé, wọ́n tú u sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wá kàn, Rahmah ló bá níbẹ̀.

"Aúsù bílláhi!" Nàfísátù ló ké. "Òkú! Òkú rèé o!"

Àga ṣubú. Àwọn ìyá àgbà ń du ẹnu ọ̀nà kejì, ẹni kan ń pe orúkọ Ọlọ́hun láìdúró mí. Tàjùdéèn dúró síbi tó dúró sí, ó ń wò wọ́n.

Nàfísátù náà ló kọ́kọ́ gbójú. Ó rìn lọ, ó fọwọ́ kan apá rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́.

"Ara ẹ̀ gbóná. Èèyàn ni." Ó wá yíjú sí pèpéle. "Àsúmáù! Èmi kúnlẹ̀ fún ẹ! Mo ra ewúrẹ́! Mo sunkún ọmọ yìí débi tí ọkọ mi ní ṣé èmi ni mo bí i ni!"

"Òkú wo?" ni Tàjùdéèn ń bi wọ́n. "Ta ló kú?"

Ìyá àgbà kan ló dá a lóhùn. "Ìwọ ni, ọmọ mi. Wọ́n ní o kú sí Ìsẹ́yìn. A ti ṣe fìdáù rẹ nínú gbọ̀ngàn yìí, láàárọ̀ Sunday tó ṣáájú ààwẹ̀."

Tàjùdéèn ń ṣírò rẹ̀.

"Láàárọ̀ Sunday. Mo pè yín lọ́jọ́ yẹn, Sister mi. Mo pè yín lẹ́ẹ̀mejì. N ò fẹ́ tọrọ nǹkan kan o. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ohùn yín ni."

Máìkì ṣì wà lọ́wọ́ Àsúmáù. Gbogbo gbọ̀ngàn ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

"Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà níta, mo gbọ́ wáàsí yín," ni Tàjùdéèn tún wí. "Ó dùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹlẹ́wọ̀n wo lẹ ń sọ̀rọ̀ ẹ̀?"

Àsúmáù sọ̀ kalẹ̀. "Tàjùdéèn. Àbúrò mi. Jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Ilé ta ni? Wọ́n pè yín, ẹ ní ẹ ò mọ̀ mí. Gbogbo oṣù tí mo fi kún un níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ fi kún un fún mi. Ẹsẹ̀ obìnrin tí mo bàjẹ́, ó wà lọ́rùn mi títí ayé, mo sì gbà á. Èyí tẹ́ ẹ ṣe yìí ńkọ́? Ta ló máa gbà á?"

Ààfáà Nasrullah mú láwàní lórí tábìlì, ó tì í sábẹ́ apá, ó bá ẹ̀yìn jáde.

Nàfísátù ló gba ọ̀rá lọ́wọ́ Tàjùdéèn. "Yàrá wà nílé mi. Ká lọ." Àsúmáù ní nínú gbogbo ohun tí ojú òun rí lọ́jọ́ náà, ìyẹn ló dun òun wọra jù, pé Nàfísátù ni.

Ẹ ó rò pé Àsúmáù ò ní yọjú sí àsàlátù mọ́. Ó yọjú. Sunday mélòó kan lẹ́yìn ìgbà náà, ó rọra wọlé, ó jókòó sórí ẹní tó gbẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó kí i, kò sẹ́ni tó lé e.

Nígbà tí àsàlátù parí, Tàjùdéèn gbé kúlà wọlé. Ó ti ń ṣiṣẹ́ nílé ìtajà kan, ó ń gbé ẹrù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìrẹsì láti iwájú.

"Kí lò ń ṣe?" ni àwọn obìnrin ń bi í.

"Sàráà ni. Fìdáù ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Àsúmáù lorúkọ ẹ̀. Ó ti kú."

Ààfáà Nasrullah dìde. "Tàjùdéèn, èyí ò dáa. A kì í ṣe fìdáù fún alààyè."

"Ààfáà, ẹ ti ṣe tèmi."

Ààfáà jókòó.

Tàjùdéèn ń pín in lọ láti ẹní dé ẹní, títí ó fi dé ẹ̀yìn. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú Àsúmáù, ó na àwo sí i, kò wo ojú rẹ̀. Bí a ṣe ń bá àgbàlagbà tí a ò mọ̀ rí sọ̀rọ̀ ló ṣe bá a sọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ gba sàráà. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́hun kó forí ji ẹ̀gbọ́n mi. Èèyàn dáadáa ni nígbà tó wà láyé."

Àsúmáù fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

"Àmín," ni ó wí.

Tàjùdéèn ò tíì lọ. Ó dúró síwájú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rí i dájú. Àsúmáù bu ìrẹsì náà, ó jẹ ẹ́, ó sì jẹ ẹ́ tán.

Mo bi í bóyá ó ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kí n bá a sọ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa kà á. Ó ní Rahmah ti kó àwọn kúlà kúrò nínú yàrá ẹ̀yìn, ó ti tẹ́ ibùsùn síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì sùn síbẹ̀. Ó wá ní kí n sọ fún ẹni tí èèyàn rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n pé tí fóònù bá ń mì lórí itan rẹ̀, kó gbé e.